Ìpín Karùn-ún

Nígbà tí ọdún 2006 máa fi dé, Adéòjó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún wọ ọkọ̀ ojú omi aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí láti Ìpakodò lọ sí Marina. Ẹ bá mi ka iye ìdájí tó wà nínú ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ló ń bá ṣe ìṣirò owó níbẹ̀, wọ́n sì ń san owó oṣù fún un déédéé, kì í ṣe pé ebi ń pa á. Ohun tó ń dun ọkùnrin náà ni pé owó gbogbo ayé ń gba ọwọ́ òun kọjá, kò sì sí èyí tó ń dúró kí òun pé ẹ káàárọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wù ú láyé: kó jí ní aago mẹ́jọ bí ọmọlúàbí, kó jẹun, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í pé níbo ló wà.

Ó ti rí ọ̀nà náà nínú àwọn ìwé tó ń wọ ọ́fíìsì wọn láti òkè òkun. Àwọn ọ̀gbẹ́ni kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé owó olówó ni wọ́n ń kó jọ, tí wọ́n fi ń ra ilẹ̀ àti ilé, tí wọ́n bá tà á tán, tí wọ́n á bá olówó pín èrè. Alábòójútó ni wọ́n ń pè wọ́n. Lọ́dọọdún, alábòójútó á kọ́kọ́ yọ náírà méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èrè ìbáà wà, èrè ìbáà má sí. Tí èrè bá wá dé, olówó á gba ojú owó wọn padà, wọ́n á tún gba náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún fún ọdún kọ̀ọ̀kan, kí alábòójútó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á pín ìyókù sí ọ̀nà márùn-ún: mẹ́rin fún olówó, ọ̀kan fún alábòójútó. Adéòjó kà á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lórí. Gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ ọn, àfi náírà mẹ́wàá tí wọ́n ní kí olówó kọ́kọ́ gbà yẹn.

Qamardeen, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ló mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Àlàájà Mùsílímátù lorúkọ ìyá náà, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ kan tí àwọn oníṣòwò ẹja àti ọlọ́kọ̀ apẹja kó ara wọn jọ sí. Èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n, ìbátan sì ni gbogbo wọn, ọmọ àwọn tó bá ọba kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ láyé ijọ́hun. Ogójì mílíọ̀nù náírà wà nílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọn ò jẹ́ fi sí báǹkì kó máa bí èlé, nítorí èlé kò bá ẹ̀sìn wọn mu.

Adéòjó wọ aṣọ kóòtù lọ bá wọn. Ó tẹ́ ìwé sílẹ̀ lórí ẹní ní àgbàlá Àlàájà, ó sì ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Náírà méjì ọdọọdún yìí ńkọ́?" Àlàájà bi í. "O ò tíì ju àwọ̀n, o ti fẹ́ mú ẹja?"

"Owó iṣẹ́ ni, Àlàájà."

"Rárá o. A ó máa fún ọ ní owó ọkọ̀ àti owó epo. Èyí tó tẹ̀lé e dà?"

Ó wá dé orí náírà mẹ́wàá. Bí ó ṣe ní "náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún fún ọdún kọ̀ọ̀kan" báyìí, àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn lójú. Àlàájì Bísíríyù, àbúrò Àlàájà, tó ní ọkọ̀ apẹja mẹ́fà, ti ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ kíákíá.

"Èlé nìyẹn," Àlàájà sọ. "Yọ ọ́ kúrò. A ò jẹ ẹ́."

Ẹ gbọ́ ná. Kì í ṣe èlé. Adéòjó mọ̀ pé kì í ṣe èlé. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí owó kan pàtó fún wọn níbẹ̀. Ààbò olówó ni, òun ló ń sọ fún alábòójútó pé kó jẹ́ kí àwọn tó lówó kọ́kọ́ yó kí ó tó bu òkèlè. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó fi là wọ́n lọ́yẹ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá yọ ọ́, inú náírà àkọ́kọ́ gan-an ni ìpín tirẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo ojú wọn, ó wo ìwé, ó sì fi gègé fa ìlà gbọọrọ lé e lórí. Ó tilẹ̀ ní òun bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn wọn.

"Bí a ṣe ń pín ẹja ní ìdí ọkọ̀ wa la ó ṣe pín in," Àlàájà wí. "Wàá gba ojú owó wa jáde fún wa. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ọ̀nà márùn-ún. Ìwọ ni kí o to ìpín náà, nítorí ìwọ lọmọdé ibẹ̀. Àwa la ó kọ́kọ́ mú mẹ́rin. Ìwọ á mú èyí tó bá kù. Ẹni tó pín, ẹ̀yìn ló ń mú."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Adéòjó. Owó ni wọ́n fẹ́ pín, náírà ò sì ju náírà lọ, ẹni tó mú kẹ́yìn kò pàdánù nǹkan kan. Ó ní kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n sì jọ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tó délé ní Ìkòròdú, ó sọ fún Ìyìnolúwa ìyàwó rẹ̀ pé àwọn èèyàn òun fi ọwọ́ ara wọn lé ẹyẹ wọn lọ. Ìyìnolúwa, tó jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì Jọláolúwa, ṣé ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe èlé?" Ọkùnrin náà ní kó jọ̀wọ́ bu omi fún òun.

Lọ́sẹ̀ kejì ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kí gbogbo ọ́fíìsì pé ó dàbọ̀, ó sì fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún Qamardeen.

Mi ò ní pa irọ́ mọ́ ọn: ó ṣiṣẹ́. Ó ra àádọ́ta pulọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀pẹ́, wọ́n lọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti ẹ̀bá títì títí kan ọ̀sà. Ó wọ bàtà òjò, ó bá àwọn oníwọ̀n-ilẹ̀ rìn nínú igbó, ejò lé e lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín ọdún 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008, tí gbogbo Èkó ń fi orí gbárí nítorí ilẹ̀, ó ta mẹ́wàá ní mílíọ̀nù mẹ́rin mẹ́rin. Ogójì mílíọ̀nù pé. Ó kó ojú owó lọ fún Àlàájà, kò dín kọ́bọ̀. Wọ́n súre fún un, wọ́n fi agbọ̀n ẹja yíyan ránṣẹ́ sí Ìyìnolúwa. Ogójì pulọ́ọ̀tì ló ṣẹ́kù, èrè pọ́ńbélé sì ni gbogbo rẹ̀. Mẹ́jọ nínú rẹ̀ jẹ́ ti Adéòjó.

Níbẹ̀ ni ọjà ti kú. Àwọn báǹkì ò yá ènìyàn lówó mọ́, àwọn tó ń lé ilẹ̀ kiri tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sá fún fóònù. Odidi ọdún kan kọjá, Adéòjó ò rí ẹnì kan ta pulọ́ọ̀tì kan fún. Owó ọkọ̀ àti owó epo kì í bọ́ ilé. Owó oṣù Ìyìnolúwa ni wọ́n ń jẹ, òun náà ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé Jọláolúwa. Obìnrin náà kò bú u. Ó kàn sọ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, pé tí ìpín yẹn ò bá jáde kí ọdún 2009 tó parí, kí Adéòjó wá iṣẹ́ padà lọ sí Marina. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí wọra. Ìdájí Ìpakodò, ọkọ̀ tó ń mì lábẹ́ ìdí, káàdì ọ́fíìsì lọ́rùn! Ó ní òun á kúkú ta kídìnrín.

Oṣù kẹta ọdún náà ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláṣẹ́gun wá bá a nílé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ilé ìtura ló rán an wá láti Victoria Island, wọ́n fẹ́ kọ́ ọ̀kan sí etí ọ̀sà lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Ọláṣẹ́gun ní àwọn lè ra gbogbo ogójì náà ní mílíọ̀nù mẹ́ta mẹ́ta.

Adéòjó ti ṣírò rẹ̀ kí ó tó gbé orí sókè. Ọgọ́fà mílíọ̀nù. Ìdá kan nínú márùn-ún, mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún tirẹ̀. Ó yẹ kó dúpẹ́ níbẹ̀, kó pe Àlàájà, kó sì máa lọ sùn.

"Tó bá ṣe ti etí omi nìkan ńkọ́?" ló bi í. Mẹ́jọ péré ló kan omi nínú ogójì.

"Omi gan-an la ń wá," Ọláṣẹ́gun fèsì. "Ìyẹn á tó mílíọ̀nù mẹ́rin mẹ́rin. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni à bá kúkú fẹ́."

Mẹ́rin lọ́nà mẹ́jọ, méjìlélọ́gbọ̀n. Ó fi mílíọ̀nù mẹ́jọ ju mẹ́rìnlélógún lọ, kò sì sí ẹni tí wọ́n á bá pín in. "Ti etí omi nìkan ló wà fún títà," Adéòjó sọ, ojú rẹ̀ ò sì yẹ̀. "Àwọn tó ni ìyókù ò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta."

Ẹ ẹ̀ rí ayé! Nítorí mílíọ̀nù mẹ́jọ ni o.

Ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó sọ fún Àlàájà pé ọjà ò lè jí mọ́ báyìí, kí wọ́n kúkú pín ilẹ̀ gan-an, kí kálukú mú tirẹ̀. Àlàájà gbà. Ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù karùn-ún ni wọ́n pé jọ sí àgbàlá, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, àti Lèmọ́mù àdúgbò tí wọ́n pè wá ṣe ẹlẹ́rìí. Adéòjó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà sórí ẹní. Ó ti fi gègé pupa yí ìpín márààrún ká, pulọ́ọ̀tì mẹ́jọ mẹ́jọ. Mẹ́rin lára ìpín náà, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ìkarùn-ún ni ó kó gbogbo etí omi jọ sí, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń mu ènìyàn dé orúnkún lójò àti lẹ́ẹ̀rùn.

"Mo kó ẹrẹ̀ jọ sójú kan," ó wí, ó sì fi ohùn ẹni tó ń gbààwẹ̀ sọ ọ́. "Mi ò fẹ́ kó ta bá ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹ mú mẹ́rin tó dára. Èyí tó bá kù, ìyẹn ni Ọlọ́run fún mi."

Ẹ má bi mí bóyá ojú tì í. Kò tì í. Inú rẹ̀ ti ń ka owó.

Àlàájì Bísíríyù ti na ọwọ́ sí ìpín tó wà lẹ́bàá títì. Àlàájà gbá ọwọ́ náà wálẹ̀ gbì. Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó sì yíjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀.

"Ẹ ò rí ọmọ yìí? Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí wa. Ọdún mẹ́ta, kò gba náírà méjì rẹ̀, ìyàwó ló ń bọ́ ọ. Qamardeen sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó wá pín ilẹ̀, ó kó ẹrẹ̀ fún ara rẹ̀! Ṣé ká wá mú ibi gbígbẹ tán, ká fi ọmọ ọlọ́mọ sínú àbàtà? Àánú ò ṣe yín ni?"

"Àlàájà, kò burú," Adéòjó sọ kíákíá. "Ẹ jẹ́ n mú un."

"O ò ní mú un."

"Ìwé àdéhùn ló sọ bẹ́ẹ̀, mà. Èmi ni mo ń mú kẹ́yìn."

"Ìwé ní àwa la ó kọ́kọ́ mú. A ti mú. Ẹrẹ̀ wà lára mẹ́rin tiwa."

Adéòjó gbé ọwọ́ lé ìpín náà lórí àwòrán. "Mo bẹ̀ yín, mà! Èmi fẹ́ràn ẹrẹ̀. Mo ti ń rò ó pé màá... màá gbin ìrẹsì síbẹ̀."

Ẹnu ya gbogbo wọn. Lèmọ́mù mi orí, ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti rí ẹni tó ní irú ọkàn yìí, kí ènìyàn máa jà du búburú kí ẹlòmíràn lè rí rere mú. Àlàájì Bísíríyù, tí ìpín ẹ̀bá títì ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, tẹ orí ba, ojú ara rẹ̀ tì í. Bí Adéòjó bá ti ń bẹ̀bẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yìn ín tó, títí ó fi rí i pé tí òun bá tún la ẹnu lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á fi òun jẹ oyè. Ó ti gègé pupa rẹ̀ bọ àpò. Wọ́n fi ìpín gbígbẹ kan sílẹ̀ fún un, mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni ò ní rà.

Kò tíì tán o. Àlàájà bi àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí ni àwọn fẹ́ fi ẹrẹ̀ ṣe báyìí. Wọ́n ní kò wúlò fún àwọn. Ó ní ó dáa, kí wọ́n fi ṣe sàráà, kí ó di èbúté tí àwọn apẹja àti àwọn tó ń ti Ejínrìn bọ̀ á máa so ọkọ̀ mọ́ láìsan nǹkan kan títí ayé.

"Ẹ má tíì kánjú, mà," Adéòjó bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi oṣù mélòó kan..."

"Rere kì í ṣe ohun à ń sún síwájú," Lèmọ́mù dá a lóhùn, ó sì tẹ́wọ́ àdúrà níbẹ̀. Wọ́n ní orúkọ Adéòjó ni àwọn á fi pe èbúté náà.

Kò jáde nílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò gbé fóònù Ọláṣẹ́gun mọ́. Lọ́jọ́ kẹrin ó jókòó, ó sì kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Qamardeen, tó ti di ọ̀gá ẹ̀ka náà, ló fèsì fúnra rẹ̀. Ó ní àyè wà, pé kí ọ̀gá òun jọ̀wọ́ má bínú pé kì í ṣe àga tàtijọ́, pé àga kejì sí ìlẹ̀kùn ló ṣófo. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje.

Nígbà tí oṣù kẹfà ń parí lọ, Àlàájà ránṣẹ́ pè é kó wá wo èbúté. Kò rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti fi iyanrìn àti pákó tẹ́ ojú ọ̀nà dé etí omi, ọkọ̀ bí ogún ti so mọ́ ibẹ̀. Òpó gíga kan nà ró lẹ́nu ọ̀nà, pátákó wà lórí rẹ̀, akunọ̀dà kan sì wà lórí àkàbà tó ń parí lẹ́tà tó kẹ́yìn: ÈBÚTÉ ADÉÒJÓ.

Ibẹ̀ ni jíìpù kan ti dúró. Ọláṣẹ́gun sọ̀kalẹ̀.

"Háà, Ọ̀gá Adéòjó! Ẹ ò gbé fóònù. Oṣù mẹ́ta ti pé, owó ti wà nílẹ̀. Kí lẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe sórí ilẹ̀ wa yìí?"

"Ilẹ̀ ta ni?" Àlàájà bi í.

Ọláṣẹ́gun dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún àgbà, ó sì ṣàlàyé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kò mọ̀ pé òun ń tú nǹkan kan. Ó ní ní oṣù kẹta àwọn fẹ́ ra gbogbo ogójì ní ọgọ́fà mílíọ̀nù, pé ọ̀gá yìí ló ní etí omi nìkan ló wà fún títà, ní méjìlélọ́gbọ̀n.

"Èyí tó gbẹ ńkọ́?" Àlàájì Bísíríyù, tó ti jókòó sórí pákó níbẹ̀, fò dìde. "Ẹ ṣì lè ra ìyẹn?"

"Láìsí omi, bàbá? Rárá. Kí la fẹ́ fi ṣe?"

Àlàájì Bísíríyù jókòó padà sórí pákó, ó káwọ́ lérí.

Àlàájà kò pariwo. Ó wo Adéòjó títí. "Oṣù kẹta lẹ ti mọ̀," ó ní. "Oṣù karùn-ún lẹ pín in fún wa."

Adéòjó ò jiyàn. Ó kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká tà á!" Àlàájì Bísíríyù ké. "Méjìlélọ́gbọ̀n mílíọ̀nù!"

"Ohun tí a ti fún Ọlọ́run ni, Bísíríyù. Ta ló fẹ́ lọ gbà á padà lọ́wọ́ Rẹ̀, ṣé ìwọ ni?"

"Ó dáa, kí wọ́n pa orúkọ yẹn rẹ́! Ìwọ tó wà lórí àkàbà, pa á rẹ́!"

Akunọ̀dà ti gbé búrọ́ọ̀ṣì. Àlàájà na ọwọ́ sí i pé kó dúró.

"Má fọwọ́ kàn án," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bó ṣe wà yẹn ló dára."

Bí wọ́n ṣe dúró báyìí, apẹja àgbàlagbà kan ti Ejínrìn wọlé, ó so ọkọ̀ rẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé èló ni owó ibi tí òun so ó sí. Wọ́n ní kò san nǹkan kan. Ó ní ta ló ṣe irú oore yìí. Akunọ̀dà, tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì nàka sí Adéòjó. Bàbá náà rìn wá bá a, ọwọ́ rẹ̀ tó tutù ló fi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Ó gbàdúrà fún un pé bó ṣe ṣe fún àwọn yìí, gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí Ọlọ́run ṣe fún un àti fún àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ dá bàbá lóhùn, ọ̀gá," Àlàájà sọ fún un.

Gbogbo wọn ń wò ó. Adéòjó ní àmín.